Ìgbà Tí Òjò Bá Ń Rọ̀ Ni Kí O Pè Wọ́n

Òjò ìlú tí mo wà yìí kì í pariwo. Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu nìyẹn, òun náà sì ni ohun tí mi ò lè ṣàlàyé fáwọn ará ilé nígbà tí wọ́n ń béèrè pé báwo ni òtútù ṣe rí. Òtútù? Mo ti gbọ́ nípa òtútù kí n tó kúrò nílé, mo sì ti ra kóòtù dè é. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo lè jí láàárọ̀, kí n fa kọ́tìnnì, kí n rí i pé gbogbo títì ti rin gbingbin, pé òjò ti ń rọ̀ láti ìgbà tí mo ti sùn, kí etí mi má sì gbọ́ nǹkan kan. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń bo ilé níbí, òjò á sì rọra sọ̀ sórí rẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ kí ajá gbó òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo máa ń dúró lójú fèrèsé, mo ń wò ó bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti pa ohùn rẹ̀.

Nílé wa ní Ayétòrò, òjò kì í yọ́ wọlé. Wàá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórí páànù ilé kejì, lẹ́yìn náà á dé orí tiyín, gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á sì dákẹ́, torí kò sẹ́ni tó tún lè gbọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Bàbá mi, nígbà tí wọ́n wà láyé, ìgbà yẹn gan-an ni oorun máa ń gbé wọn lọ lórí àga. Wọ́n ní òjò nìkan ló ń sọ̀rọ̀ tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ àwọn.

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú ìlú kékeré létí òkun ní Skọ́tíláǹdì. Aṣọ funfun ni látàárọ̀ títí a fi ń ṣíwọ́. Ooru ẹ̀rọ máa ń bo gbogbo yàrá náà débi pé wàá máa rí ẹni tó dúró lápá kejì bí ẹni tó wà nínú kùrukùru. Ẹni méjì ló ń ká ṣíìtì kan: ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ fà á, ẹ pàdé láàárín, ẹ tún padà sẹ́yìn. Màríà, obìnrin ará Pọtogí tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀, lèmi àti ẹ̀ jọ ń ká a. Gẹ̀ẹ́sì tiẹ̀ àti tèmi, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń pàdé. Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ nílùú yìí ni ọjọ́ tó wọlé, tó bọ́ kóòtù rẹ̀, tó wò mí lójú, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Oṣù kan gbáko ni mo fi kọ́ ọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Torí èmi náà ti kí gbogbo ará ibùdókọ̀ tán kí n tó mọ̀ pé wọn kì í dáhùn. Nígbà tó yá, mo dákẹ́. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù: béèrè ohun tí o fẹ́ béèrè, dúpẹ́, gbé e sílẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo kọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ nílé, Màámi pè mí. "Ọmọ mi, má jẹ́ kí àyà ẹ já o."

Bí Màámi bá ti fi gbólóhùn yẹn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àyà mi á ti já tán.

"Ìjì kan ló jà lánàá. Ó ká páànù orí yàrá ẹ lọ. A bá díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ́nà ilé ìwé. Àwọn ará àdúgbò ti bá mi fi ọ̀rá ńlá bo ibẹ̀."

"Ṣé kò bà yín?"

"Èmi wà ní yàrá tèmi. Àmọ́ orí ilé tó kù náà, ó ti rẹ̀ ẹ́, òun náà ti dàgbà bíi tèmi."

Kò tíì pé wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi pè láti Abẹ́òkúta, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó bá rò pé ó dára ló máa ń fẹ́ ṣe kíá, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

"Ilé yẹn ti gbó," ó ní. "Màámi ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ mi. A máa ti ibẹ̀ pa."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè. Ẹ jẹ́ kí n wá ẹni tó máa tún un kàn."

"Ta lo tún mọ̀ níbẹ̀?"

Mo tún bẹ̀ ẹ́. Àánú mi ṣe é. "Ó dáa. Sátidé tó máa kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀, mò ń mú ọkọ̀ akẹ́rù bọ̀. Bí orí ilé bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, mò ń kó wọn lọ."

Nígbà tí mo sọ fún Màámi, wọ́n pòṣé. "Nínú ilé ìyàwó ọmọ mi, kí n máa béèrè ibi tí wọ́n gbé iyọ̀ sí? Èmi ò lọ ibì kankan."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: èmi gan-an ni ẹ̀rù ń bà jù wọ́n lọ. Tí Màámi bá lọ, wọ́n á ti ilẹ̀kùn yẹn pa, aláǹgbá á jogún pálọ̀. Tí mo bá wá sọ lọ́jọ́ kan pé mò ń lọ sílé, ibo ni mò ń lọ? Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n onílé ni wọ́n wí o. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti di títì pa, wọn ò dárúkọ rẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá káfíńtà láti etí òkun nìyẹn. Ẹni àkọ́kọ́ ń gbé ní Ìlárò, ó ń pe ara rẹ̀ ní Ẹnjiníà. Ó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi, ilé aláràbarà tí orí wọn ń dán, orin ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo bá béèrè, "Kò sí wàhálà, Madam" ni. Ṣé igi òkè yẹn ṣì lágbára? Kò sí wàhálà. Ṣé ẹ ti dé ibẹ̀? Kò sí wàhálà. Ọ̀la ló lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹnì kejì, Màámi ló wá a rí, bàbá kan láti Ìgbógìlà. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Bàbá Ìgbógìlà ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀ wá, ó gbé àkàbà, ó gòkè, ó sì wà lókè yẹn títí Màámi fi rò pé ó ti sùn lọ. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ ló gba fóònù.

"Ọmọ mi, mo ti rí ilé yín. Igi òkè ti jẹrà níbi mẹ́ta. Bí wọ́n bá kan páànù tuntun mọ́ ọn, àfẹ́fẹ́ á tún wá kó o. A máa pààrọ̀ ẹ̀ ná."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò àwọn iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe ránṣẹ́ sí mi."

"Fóònù mi kì í ya fọ́tò. Fọ́tò ilé náà kì í sì í jò, ọmọ mi." Mo gbọ́ tí Màámi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. "Màá fún ẹ ní nọ́ḿbà èèyàn mẹ́ta tí mo kanlé fún. Àmọ́ má pè wọ́n lónìí. Ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ ni kí o pè wọ́n."

"Kí ló dé?"

"Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ilé ló dára. Ẹni tí ara ẹ̀ gbẹ á kàn máa yìn mí ni."

Mo rò pé ẹ̀tàn ni. Mo rò pé ó fẹ́ fi òjò ra àkókò. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màríà níbi tí a ti ń ká aṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí etí ṣíìtì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ ló kan ilé ìyá ìyá òun. Ó ní kí n pè wọ́n.

Fóònù mi lè fi ojú ọjọ́ ìlú mìíràn hàn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ti Yewa, agbègbè wa, bí ẹni ń wo ọ̀nà àlejò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, àwòrán ìkùukùu dúdú yọ, ó sì ṣe kòńgẹ́ àkókò ìsinmi wa. Mo pe ẹni àkọ́kọ́, tíṣà kan ní Ìdógò.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

"Ta nìyí?"

Mo ṣàlàyé. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Ìgbógìlà tún ti bẹ̀rẹ̀! Dúró, má gbé e sílẹ̀." Ó gbé fóònù dání láti yàrá dé yàrá, ó ń kígbe kí n lè gbọ́ ọ: "Pálọ̀ rè é o! Kò jò! Ibi tí mò ń kó ìwé sí rè é! Kò jò!"

Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ mọ́. Òjò ni mo ń gbọ́. Ó ń dà sórí páànù yẹn, gbogbo ara rẹ̀, ariwo kan ṣoṣo tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sórí àpò aṣọ ìdọ̀tí, mo di ojú mi. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ooru tó wà lára mi ti ẹ̀rọ ni tàbí ti ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rin. Bàbá mi wà lórí àga wọn. Ẹnì kan ń sáré lọ ká aṣọ lórí okùn. Nígbà tí mo lajú, Màríà ti dúró níwájú mi, ó di etí ṣíìtì kan mú, ó ń dúró dè mí.

Ẹnì kejì jẹ́ obìnrin tó ń yan búrẹ́dì ní Ìgbógìlà. Òjò kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo pè. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló pè, ó ń pariwo, "Ó ti dé o! Ó ti dé! Ìyẹ̀fun mi gbẹ fúrúfúrú!"

Kí n má parọ́, ó yẹ kí n pe ẹnì kẹta lọ́jọ́ yẹn, kí n sì parí ọ̀rọ̀. Mi ò pè é. Mo tún pe tíṣà, mo díbọ́n pé mo gbàgbé láti béèrè nípa yàrá ẹ̀yìn. Mo tún pe oníbúrẹ́dì. Wọ́n ti mọ ohùn mi. Tí òjò bá ti ṣú, tíṣà á gbé fóònù ka orí tábìlì, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, èmi á sì máa gbọ́. Oṣù ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi ń ka ọjọ́, Màámi ń da omi inú bókẹ́ẹ̀tì nù ní yàrá mi, èmi sì jókòó sórí àpò aṣọ, mò ń gbádùn òjò orí ilé onílé. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ̀gbọ́n mi dé nígbà tí mo pe ẹnì kẹta, ìyá àgbàlagbà kan ní Ìlárá, létí ibodè. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé ní òdìkejì, òun náà sì máa ń dáhùn fóònù bí àwọn ará ọ̀hún tó ń sọ Faransé.

"Aló?"

"Ẹ káàsán, mà. Bàbá Ìgbógìlà ló ní kí n pè yín. Ṣé òjò ń rọ̀?"

"Ó ń rọ̀ gan-an ni."

"Ṣé ilé yín ń jò, mà?"

"Ó ń jò, ọmọ mi. Apá ẹ̀yìn ń jò. Abọ́ wà níbẹ̀ báyìí."

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ kú òjò." Mo gé e. Ilé mẹ́ta péré, ọ̀kan ń jò! Mo bínú sí bàbá yẹn, mo bínú sí ara mi tí mo fi òjò tàfàlà. Kí n tó padà sídìí iṣẹ́, mo ti pe Ẹnjiníà ti Ìlárò pé kó máa bọ̀ ní Ọjọ́ Ajé. Kò sí wàhálà, ó ní.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù mi dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó tún dún, ó tún dákẹ́. Ìyá Ìlárá ló ń fi fíláàṣì pè mí. Mo pè é padà.

"Ṣé ìwọ lo pè mí lánàá, tó o gé fóònù mọ́ mi lẹ́nu?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Mo bínú! O ò béèrè àlàáfíà mi. O ò béèrè ọmọ. O bi mí léèrè kan, o gba ààbọ̀ èsì, o sì bá ẹsẹ̀ ẹ sọ̀rọ̀. Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Ọmọ Ayétòrò ni mí, mà."

"Ayétòrò wo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Orúnkún mi kan ilẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Láàárín àwọn aṣọ funfun yẹn, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú fóònù, mò ń bẹ̀bẹ̀. Màríà sáré wá, ó rò pé òòyì ló kọ́ mi.

"Ẹ dáríjì mí, mà. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ìyá ẹ ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó dáa, gbọ́ ààbọ̀ tó kù. Páànù tí ọkọ mi fi ọwọ́ ara ẹ̀ kàn, mi ò jẹ́ kí wọ́n kó o dànù. Mo ní kí Bàbá Ìgbógìlà lò ó fún apá ẹ̀yìn. Ó bẹ̀ mí. Ó ní ibi tí tuntun bá ti pàdé ògbólógbòó, ó máa jò. Mo ní kó jò. Ọdún karùn-ún nìyí. Tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ lọ́dọọdún, mo máa gbọ́ ọ̀kadà ẹ̀ níta. Mi ò pè é rí. Á gòkè, á dí i, á mu omi, á lọ. Tọdún yìí, òjò ló yá jù ú lọ. Ó ti débí láàárọ̀ yìí. Oríkunkun mi ló ń jò nínú ilé yìí, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀."

Mi ò tíì dìde tán tí mo fi pe bàbá náà. Mo bi í pé kí ló dé tó fún mi ní nọ́ḿbà ilé tó ń jò, nígbà tó mọ̀ pé ó ń jò.

"Àwọn méjì àkọ́kọ́ ti sọ fún ẹ pé mo mọ iṣẹ́," ó ní. "Ta ló máa wá sọ ohun tí mo máa ń ṣe tí iṣẹ́ bá bàjẹ́?"

Mo pe Ẹnjiníà. Mi ò fẹ́ ṣe é níkà, mo fẹ́ fún un láǹfààní. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú àwọn ilé tí ẹ ti kàn ló jò rí?" Ó ní kò sí. Kò sí rárá, láyéláyé, Madam. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má wulẹ̀ wá mọ́, ọjọ́ yẹn sì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé wàhálà wà.

Mo fi owó igi àti páànù ránṣẹ́, Bàbá Ìgbógìlà sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Mo rọ̀ ọ́ pé kó sáré. Ó ní òun ò ní torí ẹ̀gbọ́n mi kan ìṣó sí igi tó ti jẹrà. Nígbà tí Sátidé tí à ń wí yìí pé, wọn ò tíì kan páànù apá ẹ̀yìn tán, ojú ọ̀run sì ṣú. Màámi gbé fóònù sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n lè máa gbọ́. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù dúró. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi.

"Màámi, ẹ wo ojú ọ̀run! Ṣé mo sọ ọ́? Ẹ jẹ́ ká máa di ẹrù."

Ohùn kan dáhùn látòkè. "Ṣé ìwọ ni ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi ni, sà. Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"O káre. Na páànù yẹn sí mi."

"Èmi?"

"Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́ o. Nà án sí mi."

Lẹ́yìn ìyẹn, ìró òòlù nìkan ni mo ń gbọ́, àti ẹ̀gbọ́n mi tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àti Màámi tó ń sọ fún un pé kó rọra, pé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ya. Òjò dé nígbà tí wọ́n ń kan ìṣó ìkẹyìn. Màámi ní wákàtí méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi jókòó sí yàrá mi pẹ̀lú ara rírin, tó gbójú sókè, tó ń wá ibi tí omi máa gbà wọlé. Kò rí i. Ó wá béèrè oúnjẹ. Òfìfo ni ọkọ̀ náà padà sí Abẹ́òkúta.

Bàbá Ìgbógìlà pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. "Nọ́ḿbà ta ni kí n máa fún àwọn tó bá béèrè mi?"

"Ẹ fún wọn ní tèmi, Bàbá."

"Ọmọ mi, ìwọ ò sí lábẹ́ orí ilé náà." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún. "Màá fún wọn ní ti ìyá ẹ."

Ó dùn mí. Ó dùn mí fún ọjọ́ púpọ̀. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá ń ká aṣọ, tí mo bá dúró ní ibùdókọ̀ láàárín àwọn tí kì í kíra wọn. Mi ò sí lábẹ́ rẹ̀. Orí ilé tí mo ṣe, mi ò tíì rí i. Orí ilé tí mo ń sùn sábẹ́ rẹ̀, onílé lè ní kí n kó jáde lọ́la. Mo máa ń bi ara mi pé níbo gan-an ni mo wà. Mo sì ń ká aṣọ mi lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màámi pè mí nígbà tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́. Ara wọn yá gágá.

"Ọkùnrin kan pè mí lọ́sàn-án yìí, òjò ń rọ̀. Ó ní Bàbá Ìgbógìlà ló ní kóun pè. Ó ní ṣé orí ilé yìí ń jò. Mo ní kò jò. Mo gbé fóònù dé yàrá ẹ kó fetí ara ẹ̀ gbọ́."

"Ẹ ṣé, Màámi."

"Ó wá ní ta ló ni ilé. Mo ní ọmọ mi obìnrin ni. Ó ní ṣé o wà nílé, kóun bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Kí ni mo tún máa sọ? Mo ní o lọ síbi iṣẹ́. Mo ní o ò tíì dé."